Ajá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Láàárọ̀ Sátidé kan, ní ilé Alhaji Sàláwù ní Dansoman, Àkànkẹ́ ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ó ń kó ọjà pamọ́ sí, ó káwọ́ lérí. Wọ́n ti já àgádágodo. Páálí ọṣẹ, ṣúgà, mílíìkì alágolo, gbogbo ohun tí ó fẹ́ gbé lọ sọ́jà ni wọ́n ti kó lọ.

Lọ́dún náà, iná mànàmáná kì í dúró ní Accra, olú ìlú Ghana. Bí ó bá tàn fún wákàtí méjìlá, ó lè lọ fún mẹ́rìnlélógún. Dumsor ni tèwe-tàgbà ń pè é, àwọn olè sì mọ àkókò rẹ̀ ju àwọn onílé lọ.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Àkànkẹ́ wí. "Wọ́n tiẹ̀ kó búútà àlùwàlá wa mọ́ ọn!"

Àdìgún, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, yọjú wo inú yàrá náà. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Olè tí ó kó ọṣẹ, tí ó tún kó búútà, ó jọ pé ó fẹ́ ronú pìwà dà ni."

"Ọkọ mi, ẹ fi mí sílẹ̀ o. Ẹ̀fẹ̀ yín kò lè dá ọjà mi padà."

Àdìgún kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta aṣọ ní ọjà Makola, kò sì sí ẹni tí kì í pa lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Màá ra ajá," ni Sàláwù wí.

Àkànkẹ́ yíjú sí i. "Ajá? Nínú ilé tí a ti ń kírun? Bí àwọn ẹgbẹ́ Àsàláátù bá wá kí mi ńkọ́?"

"Mo ti bi Ààfáà. Ajá ìṣọ́ kò léèwọ̀. Itọ́ rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kàn wá. Nítorí náà, òfin ilé yìí nìyí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ajá náà. Ẹ̀yìnkùlé ni a óò so ó mọ́, òkèèrè ni a óò ti máa ti oúnjẹ sí i. Ilé ni mo ní kó wá ṣọ́, kì í ṣe àlejò wa."

Fáòsíà, ọmọbìnrin wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tí ó ti ń jẹ kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn ará Ghana. Lójú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ náà dà bí ọgbọ́n.

Irú ajá tí Sàláwù fẹ́ kì í ṣe èyí tí ń jẹ ìdọ̀tí létí gọ́tà. Boerboel ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́bùù ni àwọn tí ń tà á ń pè é. Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ṣọ́ oko àti ẹran ọ̀sìn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àrówólò ní irú rẹ̀ fún títà ní Kokomlemle. Sàláwù àti Àdìgún lọ bá a.

"Alhaji, ẹ wo orí rẹ̀!" ni Àrówólò wí, ó ń na ọwọ́ sí ajá kan tí ó pọ́n bí ẹ̀pà sísun. "Ìkòkò tí wọ́n fi ń ro báńkù ni. Ẹ wo àyà rẹ̀. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, kò sì tíì dàgbà tán. Olè wo ló máa rí èyí tí kò ní ka kálímà?"

"Ìwọ náà ka kálímà nígbà tí o kọ́kọ́ rí i?" ni Àdìgún bi í.

"Bọ̀ọ̀dá, mo kà á tán, mo tún tún un kà."

"Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?" ni Sàláwù bi í.

"Gbogbo abẹ́rẹ́ pátá. Káàdì rẹ̀ rèé."

Sàláwù gba káàdì náà, ó ká a sí méjì, ó fi sínú àpò agbádá rẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Kò kà á, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó kà á.

Àrówólò tún fún un ní ìmọ̀ràn kan kí wọ́n tó lọ. "Ẹ má jẹ́ kó mọ ènìyàn o. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ajá tí ó bá ń rí ìkẹ́, kò ní lè bu olè jẹ."

Ìmọ̀ràn burúkú ni. Ṣùgbọ́n ó bá òfin ilé Sàláwù mu, nítorí náà kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àdìgún ló sọ ajá náà ní Mákọjá. Ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó lẹ́yìnkùlé. Láàárín oṣù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ yí òpó náà ká, koríko kò sì hù níbẹ̀ mọ́. Kò kọjá ibẹ̀ rí. Àdìgún ló ń fún un lóúnjẹ. Yóò gbé abọ́ sílẹ̀, yóò fi igi gígùn tì í síwájú. Lóòótọ́, àwọn olè kò padà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lẹ́yìn ògiri, Mákọjá á gbó, gíláàsì fèrèsé á sì máa gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n bí Fáòsíà bá jókòó sí pèpéle tí ó ń ka wàláà rẹ̀, ajá náà á dùbúlẹ̀, á gbé orí lé ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa wò ó. Ìrù rẹ̀ á máa gbá ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Abena, aládùúgbò wọn tí ń ta kẹ́ńkè, pe Àkànkẹ́ lórí ògiri. Alata ni ó ń pè é, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe Yorùbá.

"Alata, ẹ tọ́jú ajá yín o! Ajá ìgboro kan ń sá kiri láti àná, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣòròṣòrò. Ó ti bu ewúrẹ́ ẹnìkan jẹ. Èmi ti gbé tèmi lọ gba abẹ́rẹ́."

"Tiwa ti gba tirẹ̀, Maame Abena. Ó ní káàdì."

"Ẹ̀yin olówó! Ajá yín ní káàdì, èmi alára kò ní."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ohun tí Àkànkẹ́ kò mọ̀ ni pé ajá ìgboro náà ti dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ibi tí ògiri ti lanu ló gbà wọlé, ó wá jẹ oúnjẹ tí Mákọjá jẹ kù. Àwọn méjèèjì jà. Mákọjá lé e lọ, ṣùgbọ́n eyín ajá náà ti bà á lábẹ́ ọrùn, níbi tí awọ rẹ̀ ti kájọ. Ọgbẹ́ náà kéré. Ẹni tí ó bá ń fọwọ́ pa ajá lára ì bá ti fọwọ́ bà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ilé Sàláwù, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Fáòsíà rí ìjà náà nígbà tí ó ti ilé ìwé dé. Kò sọ. Bí ó bá sọ, wọ́n á bi í pé kí ló ń wá lẹ́yìnkùlé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà kí Mákọjá tó yí padà. Ó kọ oúnjẹ. Ohùn rẹ̀ há, bí ohùn ẹni tí ó ti ké jù. Ó ń gé ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ jẹ. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì wálẹ̀ bíi pé kò lè pa á dé.

"Ooru ni," ni Sàláwù wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé eegun ló há a lọ́fun," ni Àdìgún wí. "Ẹ wò ó bó ṣe ń gbé e mì tí kò lọ."

Àkànkẹ́ fà sẹ́yìn. "Ṣé kì í ṣe dìgbòlugi báyìí?"

Sàláwù fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Ajá ìgboro ló ń ya dìgbòlugi. Bọ́bùù ni eléyìí. Ẹ mọ iye tí mo rà á?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, Àdìgún dúró ti ajá náà pẹ́ títí. Àánú rẹ̀ ṣe é. Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń ti oúnjẹ sí i pẹ̀lú igi, kò fọwọ́ kàn án rí. Ó lóṣòó níwájú rẹ̀, ó ní, "Mákọjá, la ẹnu kí n wò ó." Ó na ọwọ́ láti wá eegun náà.

Kò sí eegun kankan níbẹ̀. Mákọjá bù ú jẹ lọ́wọ́, ó sì fi eyín ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Igbe Àdìgún ni Àkànkẹ́ gbọ́ tí ó fi sáré jáde. Sàláwù náà dé. Wọ́n mú Àdìgún lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ojú ti Àdìgún, ó ń bẹ̀bẹ̀: "Èmi ló rú òfin, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

Ohun tí Sàláwù mọ̀ nípa itọ́ ajá kò ju ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé kéwú lọ. Ó bu omi sí ojú ọgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó bu yanrìn, ó fi ra á. Lẹ́yìn náà ó tún bu omi sí i, ó ń kà á sókè títí ó fi pé méje. Kò lo ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kún yàrá ọjà ìyàwó rẹ̀ dé àjà.

"Ó ti mọ́," ni ó wí.

"Ṣé kò yẹ ká lọ sí ọsibítù?" ni Àkànkẹ́ bi í.

"Kí á sọ kí ni? Pé ajá ilé Alhaji Sàláwù bu àbúrò rẹ̀ jẹ? Kí Jímọ̀ tó dé, gbogbo ará mọ́sáláásí wa ní Cow Lane á ti gbọ́ pé mò ń sin ajá. Ó ti mọ́. Ajá náà sì ní káàdì."

Mákọjá kú ní ọjọ́ kejì. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ògiri. Ọgbẹ́ Àdìgún jinná, ó padà sí ìsọ̀ wọn ní Makola, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ìyàwó tí òun fẹ́ fẹ́ ló gé òun jẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó ní ojú àpá náà ń ta òun, bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ara rẹ̀ gbóná, kò lọ sọ́jà. Lọ́jọ́rú, nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ó gbé búútà lọ sídìí ògiri láti ṣe àlùwàlá.

Àkànkẹ́ rí i. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó bu omi, ó gbé e lọ sẹ́nu. Kí omi tó kan ètè rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀, orí rẹ̀ ta sẹ́yìn, búútà jábọ́. Ó mú un, ó tún gbìyànjú. Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, rírí tí ó rí omi náà nìkan ti tó láti mú un gbọ̀n.

"Ìyàwó wa," ni ó wí, ẹ̀rù ti ń bà á. "Mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, ara mi kò gbà."

Sàláwù ní àlùjànnú ni, ó ránṣẹ́ sí Ààfáà. Àkànkẹ́ kò dúró. Ó fóònù Afeefah.

Afeefah ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Sàláwù obìnrin. Ghana ni wọ́n ti bí i, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran. Trotro, bọ́ọ̀sì akérò, ló wọ̀ wá. Bí ó ti wọlé, àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àdìgún ló kọ́kọ́ wò.

"Wọ̀fà," ni ó pe Sàláwù, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. "Kí ló ṣe àpá yìí?"

Sàláwù yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Wọ̀fà, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi."

"Ajá wa ni. Ṣùgbọ́n ó ti gba abẹ́rẹ́."

"Ajá náà dà?"

"Ó ti kú."

"Ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí ó bù wọ́n jẹ?"

"Ọjọ́ kejì ni."

Afeefah rọra jókòó. "Ẹ mú káàdì náà wá."

Sàláwù wá a jáde nínú dúrọ́ọ̀. Afeefah ṣí i, ó kà á tán, ó tún gbé ojú sókè. "Akọ ni ajá yín àbí abo?"

"Akọ ni."

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó pọ́n bí ẹ̀pà sísun."

"Abo ni wọ́n kọ síbí, dúdú sì ni. Ọdún mẹ́fà ni ọjọ́ orí rẹ̀. Káàdì ajá ẹlòmíràn ni wọ́n fún yín. Ajá yín kò gba abẹ́rẹ́ kankan."

Sàláwù gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kà á.

"Ó dára, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ náà báyìí. Bó bá ṣe wọ́n tó, màá san án."

Afeefah mú un jáde sí gbàgede. Ojú rẹ̀ ti kún fún omijé. "Wọ̀fà, ọjọ́ tí ó bù wọ́n jẹ gan-an ni abẹ́rẹ́ náà wúlò. Ọjọ́ kejì, ó wúlò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá pàápàá, bóyá ó ṣì lè wúlò. Nígbà tí ènìyàn bá ti ń bẹ̀rù omi, kò sí oògùn rẹ̀ mọ́, níbí tàbí níbikíbi. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè fún wọn ní ohun tí ìrora náà fi máa dín kù."

Alhaji tí gbogbo Makola mọ̀ sí ọkùnrin líle jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú agbádá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń wá ọkọ̀, Afeefah dúró láàárín pálọ̀. "Ta ni ajá náà tún fi ẹnu kàn? Bóyá ó bù ú jẹ, ó ha á léèékánná, tàbí itọ́ rẹ̀ kan ojú ọgbẹ́, ohunkóhun."

"Kò sí," ni Àkànkẹ́ wí. "Òfin ilé ni. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án."

Fáòsíà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ń fa yẹ̀rì rẹ̀ wálẹ̀.

Afeefah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Fáòsíà, kò sí ẹni tó máa nà ọ́. Kò sí ẹni tó máa bá ọ wí. Wò mí. Ṣé ó kàn ọ́?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde.

"Mo máa ń fún un ní orí ẹja, Àǹtí. Mo máa ń fọwọ́ pa á lórí. Kì í bu èèyàn jẹ. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ há yẹn ni mo gbé omi lọ fún un, ló bá gé mi jẹ lẹ́sẹ̀ díẹ̀." Ó gbé yẹ̀rì rẹ̀ sókè. Àpá kékeré méjì wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, Àǹtí. Mo fi yanrìn sí i. Mo kà á, kò dín."

Igbe tí Àkànkẹ́ ké, Abena gbọ́ ọ ní òdìkejì ògiri.

"Ẹ dákẹ́!" ni Afeefah wí. "Ara tirẹ̀ ṣì yá. Ẹsẹ̀ ló ti jẹ ẹ́, ó jìnnà sí orí. Àrùn náà máa ń pẹ́ rìn. Ní ti Bọ̀ọ̀dá Àdìgún, ojú ni ó ti wọlé sí wọn lára. A ṣì lè bá tirẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ọ̀la."

Ọsibítù àkọ́kọ́ kò ní abẹ́rẹ́ náà. Èkejì ní ó ti tán. Ibi kẹta ni wọ́n ti rí i, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n fún Fáòsíà ní abẹ́rẹ́ sí apá, wọ́n sì fún un ní èyí tí wọ́n ń gún yí ojú ọgbẹ́ ká. Dókítà kọ ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ padà wá sílẹ̀: ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, àti àwọn tó kù lẹ́yìn wọn. "Ẹ má fo ọ̀kankan," ni ó wí.

Àdìgún kú lọ́jọ́ kẹta tí ó wọ ọsibítù. Kí ó tó di pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí Àkànkẹ́ rí òun báyìí. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, Fáòsíà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó wọ ìborùn dúdú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Sàláwù ní kí ìjọba pa gbogbo Bọ́bùù tó wà ní Accra.

"Wọ̀fà, kì í ṣe Bọ́bùù ló fa èyí," ni Afeefah wí. Kò fi ohùn le mọ́ ọn. "Ajá náà dára fún ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Ó fẹ́ràn àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì lè kú nítorí ọmọdé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá gbogbo ènìyàn. Ó lágbára, ó ń fẹ́ àyè tí ó lè sá káàkiri, ó ń fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré kó lè mọ àlejò yàtọ̀ sí olè. Bí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, orí rẹ̀ á dàrú. Ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Ajá tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ta ló máa mọ̀ bí ó bá ní ọgbẹ́?"

"Ẹ̀sìn wa ńkọ́?"

"Ẹ ní aṣọ kan tí ẹ máa fi ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó kírun. Èmi náà ń fọwọ́ kan ajá lójoojúmọ́, mi ò fo ìrun rí. Fífọ̀ ẹ̀ẹ̀meje tí ẹ mọ̀ yẹn, nítorí abọ́ tí ajá lá ni. Kò sí Ààfáà tó sọ pé oògùn ọgbẹ́ ni."

Ààfáà tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mi orí. "Òótọ́ ló sọ," ni ó wí. "Sàláwù, ìwọ ló bi mí bóyá ajá ìṣọ́ léèwọ̀. Ká ní o bi mí nípa ọgbẹ́ ni, ǹ bá ní kí o máa sáré lọ."

Fún oṣù mẹ́ta gbáko, bí Fáòsíà bá jí, Àkànkẹ́ á gbé ife omi fún un. Á dúró. Á máa wo ọ̀fun rẹ̀ títí omi náà fi lọ. Ìgbà náà ni á tó lè mí. Ọmọ náà mọ ìdí rẹ̀, kò sì kọ̀ ọ́ rí. Á mu ún tán, á dojú ife dé kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Ó wà láàyè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ní mọ́sáláásí wọn ní Cow Lane, Sàláwù bẹ Ààfáà pé kó fún òun láyè. Ó dìde níwájú àwọn ènìyàn tí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún.

"Ẹ̀yin ará, mo ní ajá. Ojú tì mí láti sọ fún yín. Nígbà tí ó bu àbúrò mi jẹ, mo fi omi àti yanrìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, mo ní ó ti mọ́. Ọsibítù kò jìnnà sí ilé mi. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Ẹ̀yin ni mo ń sá fún tí n kò fi gbé e lọ." Ó wò wọ́n yí ká. "Ta ló tún ní ajá nílé níbí?"

Bàbá arúgbó kan ní ìlà kejì na ọwọ́ sókè. Ẹlòmíràn na tirẹ̀. Kí ó tó di pé wọ́n jáde, ọwọ́ tí ó wà lókè ti lé ní ogún. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Afeefah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tábìlì sójú òpópó, wọ́n sì fún gbogbo ajá wọ̀nyẹn ní abẹ́rẹ́.

Ìwọ tí ò ń kà á, bí o bá fẹ́ ra ajá ńlá, bi ara rẹ léèrè ná: ṣé àyè wà? Ta ni yóò kọ́ ọ, ta ni yóò máa yẹ ara rẹ̀ wò lójoojúmọ́? Bí kò bá sí, kọ́kọ́rọ́ tó dára àti ògiri tí kò lanu yóò ṣọ́ ilé rẹ jù ú lọ. Bí o bá rà á, má gba káàdì lásán. Kà á, kí o fi wé ajá tó wà níwájú rẹ, kí o sì gbé e lọ fún dókítà ẹran fúnra rẹ. Lọ́dọọdún ni kí o máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un. Ajá olówó àti ajá ìgboro, ọ̀kan náà ni àrùn yìí ń mú. Bí ajá bá kọ oúnjẹ, tí ohùn rẹ̀ há, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láé. Kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí, kí o pe dókítà ẹran.

Bí ajá bá sì bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tí ó ha á léèékánná, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́, fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà pé. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí o kò tíì lọ, má sọ pé ó ti pẹ́ jù, dìde nísinsìnyí. Má sì ṣe òfin tí yóò mú ọmọ rẹ bẹ̀rù àtisọ fún ọ pé nǹkan kan jẹ òun.